Ìrẹsì Tí Ìyá Kékeré Jẹ

Lánàá, ní Pobẹ̀, aládùúgbò mi ń da epo pupa sí ẹnu ọmọ rẹ̀ tó ń bì. Bí òórùn epo náà ṣe kàn mí nímú, Sakété ni mo bá ara mi nígbà èwe mi, lórí ẹní, inú ń lọ́ mi, epo kún ọ̀fun mi.

Ìyá àgbà ló di orí mi mú. "Májèlé ni! Ta ló se ìrẹsì tí ọmọ yìí jẹ?"

Gbogbo ojú yí sí ìyàwó kékeré bàbá mi.

"Ìyá, àárọ̀ ni mo sè é. Gbogbo wa la jọ jẹ ẹ́ ní gbígbóná."

"Tí ọwọ́ rẹ bá mọ́, jẹ èyí tó kù!"

Ó ṣí ìkòkò tí wọ́n dé sínú oòrùn, èyí tí èmi nìkan tún bù jẹ lọ́sàn-án, ó jẹ ẹ́ lójú wa, ó lá ọwọ́. Inú mi dùn, mo rò pé ó ti borí. Kí oòrùn tó wọ̀, òun náà ti ń bì.

"Ẹ ò rí i? Májèlé ti mú ẹni tó ni ín!"

Wọ́n lé e padà sí Takon, ìlú àwọn òbí rẹ̀.

Ìrẹsì tó wà nínú ooru láti àárọ̀ kò nílò ọ̀tá kankan kó tó di májèlé.

Ní Pobẹ̀ lánàá, mo gba ìgò epo lọ́wọ́ aládùúgbò mi. "Ẹ po iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà mọ́ omi fún un, ká máa gbé e lọ sílé ìwòsàn."

"Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló se ìrẹsì tó jẹ—"

"Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni! Ìgbà wo ló sè é?"

Ó gbé ọmọ náà. "Àárọ̀ ni."