Sùpàgẹ́tì Lórí Okùn Aṣọ

Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé, tí mo po fláwà mọ́ ẹyin nínú ilé wa ní Riverdale Park lókè òkun, òórùn rẹ̀ a máa gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé bàbá mi àgbà n'Íbàdàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Bàbá àgbà fi ìgò bíà yí fláwà tó ti pò pẹlẹbẹ, ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń sá a sórí okùn aṣọ. Èmi ni mò ń lé adìyẹ kúrò nídìí rẹ̀. Ìyá àgbà gbé báfù aṣọ tútù jáde.

"Bàbá Kọ́lá, níbo wá ni kí n sá tèmi sí?"

"Sá a sórí ògiri. Sùpàgẹ́tì ò ṣeé sá sórí ògiri."

Ó pòṣé, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá lọ.

"Bàbá, ta ló kọ́ yín?" ni mo bi wọ́n.

"Ọ̀rẹ́ mi kan, òyìnbó Ítálì. A jọ wà ní àgọ́ kan nígbà ogun."

Mo rò pé eré ni wọ́n jọ ń ṣe níbẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ẹlẹ́wọ̀n ogun ni ọkùnrin náà, pé òkúta ọ̀nà ló ń fọ́ látàárọ̀ dalẹ́, àti pé bàbá mi àgbà ló ń fi ìbọn ṣọ́ ọ.

Nígbà tí oúnjẹ jinná, èmi ni Bàbá kọ́kọ́ bù fún. Ẹnu yà mí, torí àgbà ló máa ń kọ́kọ́ jẹun nílé wa.

"Bó ṣe máa ń ṣe fún mi nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ebi ń pa á jù mí lọ, síbẹ̀ èmi ló máa ń kọ́kọ́ bù fún."