Ìka Bọ̀ọ̀dá Rewáyà

Bí mo bá gbọ́ tẹ́nìkan fìka kan bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, Bọ̀ọ̀dá rewáyà wa, tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe ní Bẹẹrẹ, ni mo máa ń rántí. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn nìyẹn: "Ferrari lágbára lóòótọ́, àmọ́ Porsche ló tó owó tí wọ́n ń pè é!" Kò jókòó nínú ìkankan rí.

Lọ́jọ́ tí ìyá ẹ̀ dákú, ó ti yá oníbàárà ní bátìrì ọkọ̀ jákujàku tiẹ̀. Àwa mẹ́fà la ti ọkọ̀ náà gun òkè Mápó lọ sílé ìwòsàn, ìyá nà gbalaja lórí ìjókòó ẹ̀yìn.

"Ẹ tì í! Ẹ dákun, ẹ tì í! Máàmi, ẹ má sùn o!"

Nígbà tá a dókè, ó sáré dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó fìka kan gíláàsì lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá ò dáhùn.