Ìbọn Tí Wọ́n Fi Ọwọ́ Baálé Wọ̀n fún Àsíátù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi dáhùn: ilé ta ni wọ́n ti ń wọn ẹsẹ̀ bàbá àgbà kí wọ́n tó ra bàtà fún ìyàwó ilé? Kò sí. Ṣùgbọ́n ní agboolé wa níhìn-ín, ní Ìlá, ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Àsíátù. Ó ti pẹ́, inú ṣì ń bí mi.

Àsíátù ni ìyàwó Mùstàfá, àbúrò mi tó ń ránṣọ. Ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú ni. Ó kéré lára débi pé bó bá dúró sẹ́yìn igi ìbẹ́pẹ, ẹ ó wá a tì. Ọwọ́ rẹ̀ kò ju ewé ata lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré. Obì ló ń rà ní Ọ̀rà tó ń kó wá tà ní Ìlá. Òun ló ń bọ́ àwọn ọmọ, òun náà ló ń ra òwú àti abẹ́rẹ́ fún ọkọ rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá gbé aṣọ wá.

Ogun Bìáfrà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, àwọn adigunjalè sì ti gba ọ̀nà Ọ̀rà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dá ọkọ̀ Àsíátù dúró. Wọ́n kó obì rẹ̀, wọ́n gbá a létí, wọ́n tún tú gèlè orí rẹ̀ lọ. Ó wọlé dé láìbo orí, kò sì sunkún. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́kọ́ dúró.

"Baba Sàlámì," ló wí, "mi ò ní fi ọjà Ọ̀rà sílẹ̀, ebi á pa àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní lọ lọ́wọ́ òfo mọ́. Ìbọn ìléwọ́ ni mo fẹ́, èyí tó máa wọ àpò tí mo ń so mọ́dìí lábẹ́ ìró."

Ẹ má bi mí ní ìwé àṣẹ o. Àwọn tó gbá a létí, ta ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?

Àṣà agboolé wa ni pé ẹni yòówù kó ra ìbọn, baálé ló ni ín. Nítorí náà, bí alágbẹ̀dẹ bá fẹ́ rọ ọ́, ọwọ́ baálé ló ń wọ̀n kó tó mọ bí ìdí ìbọn ṣe máa tó. Babáyẹmí ni baálé wa nígbà náà. Bí bàbá yìí bá ti ọwọ́ bọ àwo iyán, àwọn tó kù á kàn máa wòran ni. Láti ọdún òmìnira, kò tíì kọjá ẹnu-ọ̀nà wa.

Jóṣúà alágbẹ̀dẹ gbé okùn rẹ̀ dé, ó wọn ọwọ́ Baálé. Ó ní, "Ẹnu ìbọn náà ńkọ́?"

"Kó gbòòrò," ni Baálé wí. "Kó lè gbé ẹyin adìẹ mì."

Alfred, ọmọ agboolé wa tó ń ṣe akọ̀wé ní kóòtù, ní, "Ẹyin tòlótòló ni, Baba! Olè ayé òde òní, àyà wọn le."

"Kó sì gùn," ni Mùstàfá wí. "Ìbọn kúkúrú, ẹ̀tẹ́ ni."

Àsíátù kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Baba, èmi ni n ó máa gbé e. Ọwọ́ mi..."

"Ìyàwó, ọ̀rọ̀ irin là ń sọ. Lọ wo ọbẹ̀ rẹ."

Mo yíjú sí àbúrò mi. "Mùstàfá, ìwọ tí o kì í gé bùbá láìwọn apá!"

"Ẹ̀gbọ́n, aṣọ ni mo mọ̀, mi ò mọ ìbọn."

"O ò mọ ìbọn, o sì ní kó gùn!"

Ìbọn dé. Nígbà tí wọ́n gbé e lé orí ẹní, ewúrẹ́ tó sùn níbẹ̀ dìde fún un. Alfred yìn ín wò lóko, ó gbé Alfred ṣánlẹ̀ sínú òkìtì pòròpórò. Baálé ní agbára rẹ̀ la rí yẹn. Àpò ìdí Àsíátù kò gbà á rárá, abẹ́ obì nínú agbọ̀n ló ń bò ó mọ́. Ìka rẹ̀ kò sì dé ibi tí wọ́n ti ń fà á, àfi bó bá fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra bí ọmọ.

Àwọn olè náà tún dá a lọ́nà. Àsíátù ti ọwọ́ bọ agbọ̀n, ó ń fà, ìbọn kò jáde. Obì ń dà sílẹ̀. Olè kan kawọ́ gbera, ó ń wò ó. Ó ní, "Màmá, ẹ fún wa, ẹ ó fi ṣe ara yín léṣe." Wọ́n gba ìbọn, wọ́n kó obì.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn ọkùnrin wa sọ nígbà tó délé. Wọ́n ní ó sọ ìbọn Baálé nù! Wọ́n ní obìnrin kò mọ nǹkan ọkùnrin í tọ́jú, kó jókòó sílé, kó fi Ọ̀rà sílẹ̀. Mùstàfá náà mirí sí i, Mùstàfá tí kò ní òwú nílé!

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ọjà Ọ̀rà tún pé, lọ́rì Ràsákì, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ọ̀rà, wá dúró gbàgẹ̀dẹ̀ níwájú agboolé wa, ó ń fọn fèrè. Àsíátù kúnlẹ̀ síwájú Baálé.

"Baba, ọkọ̀ ti dé. Mo ti tẹ́ ẹní síwájú fún yín."

"Níbo là ń lọ?"

"Ọ̀rà ni, Baba. Ọwọ́ yín ni wọ́n wọ̀n fún ìbọn mi. Mi ò lè gbé ọwọ́ yín lọ kí ara yín kù sílé."

Pàà, fèrè tún dún. "Baba o!" Ràsákì ń pariwo látòkè. "Obì ò ní dúró dè wá o!" Gbogbo àdúgbò ti yọjú. Ta ló máa pè é ní aláfojúdi? Orúnkún rẹ̀ wà nílẹ̀, "ẹ" ló ń wí, kò gbójú sókè. Baálé wúkọ́ títí, mo rò pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á jáde.

"Ẹ lọ pe Jóṣúà," ló wí.

Jóṣúà dé, ó ní òun kò wọn ọwọ́ obìnrin fún ìbọn rí.

"Ọ̀bẹ ìdáná tí ẹ rọ fún mi," ni Àsíátù bi í, "ọwọ́ ta lẹ wọ̀n?"

Jóṣúà yọ okùn.

"Kí ẹnu ìbọn má tóbi ju ìka mi tó kéré jù lọ," ni Àsíátù wí. " Ẹ̀tù díẹ̀ ló máa jẹ, kò sì ní gbé mi ṣubú. Ọta kékeré tó bá olè sàn ju ọta ńlá tó bá ewé."

Nígbà tí àwọn olè tún jáde, wọ́n rí obìnrin tó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìró, tó fa ìbọn yọ lẹ́ẹ̀kan, tó yìn ín mọ́ ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ wọn. Ràsákì ní olè méjì ni. Irọ́ ni, mẹ́fà ni wọ́n! Èyí tó sáré jù kò dúró títí ó fi dé Ọ̀tan.

Kò pẹ́ sígbà náà, àlejò kan bi Baálé léèrè ọ̀rọ̀ ìbọn yẹn. Babáyẹmí na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó fẹ̀ bí àwo. Ó ní, "Èmi ni mo ní kó kéré." Alfred ní, "Gbogbo wa la jọ yàn án." Lójú mi! Lójú Àsíátù tó ń gbé omi fún àlejò! Mo ti ya ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Àsíátù gbé omi kalẹ̀, ó rọra sọ sí mi létí. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Baba Sàlámì. Ọ̀la lọjà Ọ̀rà."