Ọláìtán Tó Kó Gbogbo Ìlú Sójú Sánmà

Bí àwọn ará Igbotako bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lórí olóògbé Ọláìtán tó ń ya fọ́tò, ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Bàbá yìí ti fọ́nnu fún gbogbo ìjọ pé ojú sánmà lòun kó fọ́tò òun sí, pé òun yóò bi í léèrè níṣojú wọn, yóò sì dáhùn. Ó so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Fọ́tò ìkórè nìkan ló fẹ́ béèrè, àmọ́ inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti kọ ọ̀rọ̀ tó máa sé ìbéèrè náà mọ́ ọjọ́ ìkórè. Ni sánmà bá tú gbogbo inú rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í tò wálẹ̀ lára ògiri lẹ́yìn pẹpẹ: Dominic-ń-sùn-nínú-ìwàásù. Dominic-tún-ń-sùn. Màmá-Jethro-ń-bú-àna-rẹ̀. Alága-ìjọ-nídìí-ẹmu.

"Pa á! Pa nǹkan yẹn!" ni alága ìjọ ń kígbe.

"Ẹ ní sùúrù, sà," ni Ọláìtán dáhùn. "A kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹni tí a fẹnu ara wa bi ní ìbéèrè."

Vivian, ọmọ rẹ̀ obìnrin, fi gèlè bojú níwájú níbẹ̀. Òun ló kúkú fà á. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Àkúrẹ́, òun ló bá bàbá rẹ̀ kó fọ́tò sí ibi ìpamọ́ kan tó jìnnà réré, tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní àwọsánmà. Ó wá ṣe dátábéèsì kan sínú kọ̀ǹpútà bàbá nílé. Bí èèyàn bá kọ ìbéèrè sí i, yóò lọ wo ibi ìpamọ́ náà, yóò sì to orúkọ ohun tó bá níbẹ̀ fún un.

Ohun kan ṣoṣo ló ká bàbá lára nínú ẹ̀kọ́ náà. "Ta ló ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò kí?" Ló bá ń kọ "Ẹ kú iṣẹ́ o" síwájú gbogbo ìbéèrè, kọ̀ǹpútà sì ń yarí. Vivian fi hàn án pé bó bá fi dáṣì méjì ṣáájú ìkíni náà, kọ̀ǹpútà yóò fò ó.

"Àmọ́ kò ní gbọ́ yín o, Bàbá."

"Mi ò sọ pé kó gbọ́. Èmi ṣáà ti kí i."

Lọ́sàn-án, á na ara sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa wo ìkùukùu tó ń rọra ti ọ̀nà Osooro bọ̀, tó ń kọjá lórí àwọn ọ̀pẹ. Dominic ọlọ́kadà bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, bí òjò bá dé, ṣé fọ́tò mi ò ní tutù?"

"Tìẹ kọ́. Oorun lò ń sùn níbẹ̀, mo ti fi aṣọ bò ẹ́."

Á nawọ́ sókè, á ní, "Èyí tó funfun yẹn, ìyàwó tí wọ́n gbé ní Ìjù-Odò ló wà nínú rẹ̀." Vivian kọ́kọ́ máa ń tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un. Nígbà tó yá, ó fi í sílẹ̀, ó ń jókòó tì í. Lọ́sàn-án ọjọ́ mìíràn, òun náà a máa rí aṣọ ìyàwó tó ń wọ́ kọjá lójú ọ̀run, kò sì ní mọ̀ bóyá òun sùn tàbí òun ò sùn.

Lórí àga yẹn ni bàbá sùn lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kò jí mọ́.

Ìgbà tí wọ́n ń múra ìsìnkú ni wọ́n tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ní fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀ láti yà á, bàbá á ní, "Ṣé o fẹ́ gbaṣẹ́ mi ni?" Ó ń ba Vivian lẹ́rù pé bó bá pẹ́, ojú bàbá òun yóò parẹ́ lọ́kàn òun. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ní kó to gbogbo fáìlì tó bá ní orúkọ Ọláìtán. Òfìfo ló rí. Ó bú sẹ́kún.

Lucy, àbúrò bàbá rẹ̀, ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ó sáré wọlé. "Kí lo kọ sí i?"

"Ọláìtán, Àǹtí."

"Hẹ̀ẹ́! Bàbá ẹ lò ń pè lórúkọ gàǹgà báyẹn? Kò jẹ́ dá ẹ lóhùn! Kí là ń pè é nínú ulí, nínú ilé wa níbí?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Vivian láàárín ẹkún. Ó pa orúkọ náà rẹ́, ó kọ Bàbá-Vivian. Fáìlì kan ṣoṣo ló jáde.

Vivian fúnra rẹ̀ ló wà nínú fọ́tò náà, ọmọdé tí kò wọ bàtà, nínú iyanrìn àgbàlá. Oòrùn wà lẹ́yìn ẹni tó ya á, òjìji ọkùnrin kan sì nà gbọọrọ lórí iyanrìn, ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì lọ sókè, ó gbé nǹkan sójú.

"Òun rèé," ni Lucy wí. Ó nàka sí òjìji náà. "Wo bó ṣe na ìgúnpá bí ẹni fẹ́ fò."

Bí wọ́n ṣe rí i ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde, tí wọ́n gbé e kalẹ̀ níbi ìsìnkú. Kò sẹ́ni tó béèrè ta ni. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kí i pé ó dìgbà. Vivian ò lè kúrò níwájú rẹ̀. Ọmọ inú fọ́tò náà fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró sójú àyà òjìji bàbá rẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.