Kò Sẹ́ni Tó Bá Mi Wí Lórí Ẹ̀rọ Ìtukọ̀

Gbọ̀ngàn tí a ti ń tukọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajúláyé, ní Ṣómólú. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, á wò mí bíi pé ọjọ́ orí ti ń yọ mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ méjì la ní, ọkùnrin kan tó ti òkè òkun dé ló kó wọn wá. Irin gígùn kan ló nà sílẹ̀, tí ìjókòó kékeré kan ń yí lọ yí bọ̀ lórí rẹ̀. Èèyàn á di ẹsẹ̀ mọ́ pátákó níwájú, á di irin tí ṣéènì so mọ́ mú, á wá máa fà. Bó bá ṣe fà á le tó ni abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀rọ náà ṣe máa le sí i tó. Kò nílò iná mànàmáná rárá, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ká ní a ń dúró de iná ni, à bá ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Òórùn tàdáwà ń wọlé bá wa láti ilé ìtẹ̀wé, ariwo jẹnẹrétọ̀ wọn sì ń bo ariwo tiwa mọ́lẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn, mi ò fẹ́ kí àwọn ará ìta gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí láyé mi, ilé mi wà ní Fọlá Àgòró, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sí gbọ̀ngàn náà. Nígbà tí egungun mi ṣì le, mo wà lára àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń tukọ̀ fún ìpínlẹ̀ wa lórí ọ̀sà ní ìhà Bàrígà. Wọ́n ti kó wa sí àgọ́, wọ́n ti wọn aṣọ tí a máa wọ̀ mọ́ wa lára, ni àwọn ológun bá gbàjọba. Ọkùnrin kan wá bá wa láàárọ̀, ó ní kí kálukú máa lọ sílé ná. Mo di ẹrù mi, mo lọ sílé. Kò sẹ́ni tó pè wá padà mọ́. Mo bímọ, mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní eré sísá, mo sin ọkọ mi, àwọn ológun ṣì wà lórí àga.

Nígbà tí ìjọba alágbádá wá padà dé, gbogbo èèyàn ló ń retí nǹkan kan. Àwọn kan ń retí iná, àwọn kan ń retí omi, àwọn mìíràn ń retí owó oṣù tí wọ́n jẹ wọ́n. Èmi ò retí ju ìjókòó kan lọ. Wọ́n ti kéde pé ìdíje máa wà ní Àbújá fún àwọn àgbà, lórí ẹ̀rọ, obìnrin mẹ́rin mẹ́rin láti ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo sọ fún ara mi pé èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ló padà wá yìí. Mi ò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, wọn ì bá ní kí n jókòó jẹ́ẹ́.

Kóòṣì wa kéré sí mi gan-an. Mo kọ́ ọ níwèé, mo sì ti nà án rí nítorí pé ó pẹ́ dé orí pápá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní ẹgba ọwọ́ mi ló jẹ́ kóun mọ àsìkò dòní. Ọmọ gidi ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé ẹsẹ̀ ló ń tukọ̀. Èèyàn á fi ẹsẹ̀ ti pátákó náà, apá á wà ní nínà gbọnrangandan, ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e, ìgbẹ̀yìn pátápátá ni apá á ṣẹ̀ṣẹ̀ fa irin wá sí àyà. Tí a bá ń padà lọ síwájú, apá ló kọ́kọ́ ń lọ, ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e, orúnkún á wá ká kò kẹ́yìn, jẹ́jẹ́, láìkánjú. Ó ní ibi ìpadàlọ yẹn ni àgbà ti ń sinmi, ẹni tó bá ń sáré níbẹ̀ ń fi agbára rẹ̀ ṣòfò ni. Ó ní kí a máa pẹ́ nídìí mímú ara gbóná ju àwọn ọ̀dọ́ lọ, kí a má ṣe ṣiṣẹ́ líle lónìí ká tún ṣe é lọ́la, kí á fà á díẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n kó lágbára. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tó bá tẹ̀ kọdọrọ nígbà tí a ń fa irin, ilé ìwòsàn ló ń lọ.

Ó rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n àwa obìnrin Ṣómólú, ìdí kànga la ti dàgbà. Láti kékeré la ti ń tẹ̀ ba sórí kànga, tí à ń fi apá fa okùn, tí ẹsẹ̀ kàn dúró sójú kan bí òpó. Gbé wa jókòó sórí ẹ̀rọ yẹn, fún wa ní irin dì mú, apá wa á ti ká kò kí ẹsẹ̀ tó mọ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa pátá la ní àrùn yìí. Kóòṣì á máa lọ á máa bọ̀ láàárín wa, á máa pariwo mọ́ àwọn obìnrin tó kù: "Apá ti ká kò! Na ẹ̀yìn ẹ! Ta ló ń lé ẹ?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un ṣe. Tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, á rọra tẹrí ba. "Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì," á sì kọjá.

Ohun tí kò jẹ́ kí ìyẹn pa mí lára nígbà náà ni ọ̀rẹ́ mi. Ó ń di ìwé pọ̀ ní ilé ìtẹ̀wé iwájú gbọ̀ngàn wa, ara àwa mẹ́rin tí wọ́n lé kúrò lágọ̀ọ́ nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ni. Ìjẹ̀bú ni, ẹnu rẹ̀ kì í dùn. Òun náà ń bá wa tukọ̀ tí iṣẹ́ bá ti dínkù, ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé tèmi ló máa ń jókòó sí.

"Ìwọ yìí, ṣé kànga lò ń fà ni?" á ní. "Fi apá yẹn sílẹ̀ kó sùn! Ọwọ́ ẹ ti sá lọ, ìdí ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Wo ẹ̀yìn bíi ti ológbò!"

Inú á bí mi. Mo máa ń dá a lóhùn pé kó wo ti ara rẹ̀ ná, pé ó ń mí bí jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ wọn. A ó bú ara wa títí àwọn tó ń dúró de ẹ̀rọ á fi máa wò wá. Ṣùgbọ́n tí mo bá tún un fà, màá na apá mi. Ó tó àkókò kan tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n lára nígbà tó bá bọ́ sí i: ẹsẹ̀ á ti pátákó, gbogbo ara á gbé irin náà lẹ́ẹ̀kan, abẹ̀bẹ̀ á sì dún bí ìgbà tí ọkọ̀ gidi bá gba iwájú omi lọ. Mo sunkún lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n nu imú mi, kí n tún un ṣe.

Ó ṣàìsàn lẹ́yìn òjò ọdún yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ti ń pè é ní orí fífọ́ lásán. Ó dákú nídìí tábìlì tó ti ń di ìwé, kò sì padà sílé láti ilé ìwòsàn. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú, mo tẹ̀ lé wọn lọ sìnkú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kí mi pé mo kú ìdúró, mo ń dáhùn, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi kò bójú mu láti sọ níbi ìsìnkú. Ìbínú ni. Inú ń bí mi sí i pé ó lọ kí á tó parí ohun tí à ń ṣe.

Mo padà sí gbọ̀ngàn. Àwọn obìnrin náà bá mi kẹ́dùn, wọ́n sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Kóòṣì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ wọn bó ṣe máa ń ṣe. Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí bí àyíká mi ṣe dákẹ́ tó. Mo máa ń fà á, màá fetí sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ nǹkan kan. "Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì." "Ẹ ń gbìyànjú gan-an, Mọ́mì." Mi ò lè rí ẹ̀yìn ara mi. Lọ́jọ́ kan mo gbé dígí láti ilé, mo fi ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Kí n lè wo inú rẹ̀ mo ní láti yí ọrùn, bí mo bá sì ti yí ọrùn gbogbo rẹ̀ á ti bàjẹ́. Ohun tí mo rí kò ju arúgbó kan tó jọ ìyá mi lọ. Mo gbé dígí náà padà sílé.

Ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, ẹ̀yìn mi ti ń tẹ̀, olùkọ́ ni mí. Mo pe kóòṣì sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní, "Bá mi wí. Pariwo mọ́ mi bí o ṣe ń pariwo mọ́ àwọn tó kù."

Ó lóṣòó níwájú mi. "Mọ́mì, ẹnu mi ò lè gbà á."

"Mo fún ẹ láyè."

"Mo mọ̀, mà."

"Ó dáa, wò mí." Mo gun ẹ̀rọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó dúró tì mí, ó ń fọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, tí ẹ bá rí i pé ó rọrùn fún yín, tí kò bá ní ni yín lára, bóyá ẹ lè..." Kí ó tó parí gbólóhùn yẹn, mo ti fà á débi pé èémí ti tán nínú mi. Mo bú u. Mo pè é ní ojo, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n máa bínú. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe fún ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀? Ilé rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ọmọ kì í na ìka sí olùkọ́ rẹ̀, èmi náà sì tún fi ẹgba kọ́ ọ mọ́ ọn. Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, mo fi ọwọ́ ti ìbàdí mi, ìdánìkanwà tí mi ò mọ̀ rí bò mí. Nígbà tí ọkọ mi kú, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ní ẹni tó lè sọ fún mi nígbà náà pé mo ń ṣe é lódì.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n fẹ́ yan àwọn mẹ́rin tó ń lọ sí Àbújá. Mo ti sinmi dáadáa ṣáájú, mo ti fi òróró pa ìbàdí mi, mo sì jẹ ògì tó fúyẹ́. Láti ilé ni mo ti wọ bàtà kánfáàsì mi, mo so okùn rẹ̀ le dan-in. Mo fẹ́ kí wọ́n dán mi wò pẹ̀lú àwọn tó kù. Tí mo bá já, mo já. Ó kéré tán, màá mọ̀ pé mo já.

Bí mo ṣe wọlé, mo rí àga kan níwájú àwọn ẹ̀rọ méjèèjì, àga onítìmùtìmù tí wọ́n ta aṣọ funfun bò. Ìgò mọ́ọ̀tì tútù kan wà lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé àlejò kan ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Kóòṣì wá dì mí lọ́wọ́ mú, ó mú mi lọ síbẹ̀, ó ní kí n jókòó. Gbogbo àwọn obìnrin náà sì kúnlẹ̀.

Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ló sọ̀rọ̀. Ó ní ẹgbẹ́ ti pàdé, pé ohùn gbogbo wọn ṣọ̀kan, láti òní lọ èmi ni Ìyá Ẹgbẹ́. Ó ní àwọn ò lè jẹ́ kí n máa làágùn mọ́, iṣẹ́ tí mo ti ṣe tó, àdúrà ni àwọn ń fẹ́ lẹ́nu mi. Kóòṣì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ojú ọ̀kan nínú wọn sì kún fún omijé. Wọn ò ṣe ẹ̀tàn, mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn mi.

Ká ní wọ́n bú mi ni, mo mọ ohun tí mo máa fi dá wọn lóhùn. Ká ní ẹnì kan là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀yìn mi ti tẹ̀, pé màá fà wọ́n sẹ́yìn ní Àbújá, ǹ bá jà títí ilẹ̀ á fi mì, ṣùgbọ́n ǹ bá rí ohun tí mò ń bá jà. Wọ́n kúnlẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ṣàdúrà pé wọ́n á lọ ire, wọ́n á bọ̀ ire. Wọ́n ṣe àmín kíkan kíkan.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Ẹni àkọ́kọ́ gun ẹ̀rọ, kóòṣì dìde nílẹ̀, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó sì kígbe mọ́ ọn pé kó na ẹ̀yìn rẹ̀, kí ló ń ṣe bí ẹni tó ń tòògbé. Ó dùn mí dé egungun bó ṣe ń kígbe mọ́ ọn yẹn. Ọmọbìnrin tí wọ́n fi sí àyè mi nínú ìdánwò náà sún mọ́ mi lórí eékún. Ọmọbìnrin ni mò ń pè é, ó ti lé ní àádọ́ta. Ó wo ẹsẹ̀ mi.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká bọ́ èyí," ó ní, "kí ẹsẹ̀ yín lè rí atẹ́gùn."

Ó tú okùn náà jẹ́jẹ́, ó ṣòro díẹ̀ fún un torí bí mo ṣe so ó le tó. Ó yọ bàtà náà, ó fọwọ́ nu ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ àga. Mo na ẹsẹ̀ kejì sí i.