Ọṣẹ Ti Jẹ Ìtẹ̀ka Lurlene Stidham Tán

Ọdún kejìdínlógójì tí Lurlene Stidham ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Laurel Fork ni ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí bi í pé ta ni. Lẹ́tà ni wọ́n fi bi í. Wọ́n ní gbogbo nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ tún ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà gbọ́dọ̀ lọ tẹ̀ka, kí wọ́n lè wá a wò láàárín àwọn ọ̀daràn bóyá ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ìtẹ̀ka rẹ̀ kò bá wọlé kí oṣù kẹwàá tó parí, kó má ṣe fọwọ́ kan aláìsàn mọ́.

Ìdí àpótí lẹ́tà ló dúró sí tó ti kà á. Ó kà á tán, ó tún kà á, ó wá fi ohùn tó jẹ́ pé gbogbo òkè tó yí ilé rẹ̀ ká ló dá a lóhùn sọ pé, "Èmi?"

Bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni nọ́ọ̀sì tó ń wakọ̀ wọ inú àwọn àfonífojì ẹ̀yìn ìlú náà, níbi tí àwọn awakùsà èédú tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé pẹ̀lú ìyàwó wọn, láti tọ́jú àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò lè gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ó ti gbẹ̀bí nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ti gbẹ̀bí lórí afárá tí omi ń gbé lọ. Ó tilẹ̀ gbẹ̀bí kan lórí àga ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí pásítọ̀ kọ̀ tí kò dá ìwàásù dúró, tó fi jẹ́ pé àmín ni ọmọ náà kọ́kọ́ ṣe kó tó rántí sunkún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá olè ni.

Ohun tó tún wá dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo àgbègbè náà, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló wà. Bó ṣe wọ aṣọ nọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé rẹ̀ tó lọ̀ ní gbọnrangandan náà nìyẹn, tó lọ tò sẹ́yìn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n de ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn bojú wẹ̀yìn. Dewey Fugate ni, ọmọ àdúgbò, tí wọ́n ká wáyà bàbà ilé iṣẹ́ èédú mọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Háà, Mísì Lurlene! Ẹ̀yin náà kẹ̀? Kí lẹ jí?"

"Panu ẹ mọ́, Dewey."

"Ẹ sọ fún mi, mi ò ní sọ fẹ́nì kankan. Ṣé oògùn ni, àbí ẹ gún ẹni tí kò yẹ lábẹ́rẹ́?"

"Ẹni kan ṣoṣo tí mo gún tí ò yẹ kí n gún ni ìwọ. Nígbà tájá gé ẹ jẹ lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Igbe tó o ké lọ́jọ́ yẹn, àánú ẹ ṣe ajá yẹn débi pé kò gé ẹnikẹ́ni jẹ mọ́ títí tó fi kú."

Àwọn méjì tó kù bú sẹ́rìn-ín. Vernon Caudill, ọlọ́pàá tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà, náà rẹ́rìn-ín, ó fa Dewey mọ́ra, ó sì gbé ìka rẹ̀ lé ojú gíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí ẹ̀rọ kò gbà nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Gbogbo ìlà ìka rẹ̀ jáde fínnífínní bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí.

Caudill ní, "Dewey, ìka tìẹ yìí mà dáa o."

"Mo máa ń tọ́jú ẹ̀ ni. Mi ò fi ṣe iṣẹ́ kankan."

Ó wá kan Lurlene. Ó gbé àtàǹpàkò lé gíláàsì, àmì pupa jáde. Caudill nu gíláàsì. Pupa. Ó fi ìpara pa á lọ́wọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó yí i láti ọ̀tún sí òsì bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́. Pupa. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ogójì ìgbà ni wọ́n gbìyànjú ẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọgọ́ta. Wọ́n ní nígbà tó yá ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń mí gúlegúle.

Caudill yí ìka rẹ̀ sí iná, ó wò ó. "Mísì Lurlene, ẹ má bínú, kò sí nǹkan kan níbí o. Ó ń dán bí àwo."

Dewey ti ń lọ sínú yàrá ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ó kígbe láti ọ̀ọ́kán pé, "Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ máa jí wáyà o! Wọn ò ní rí yín mú títí ayé!"

Lurlene jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n. Ibo ni ìlà ìka rẹ̀ lọ? Ó mọ ibi tó lọ. Kó tó kan aláìsàn, á fọwọ́. Tó bá kàn án tán, á fọwọ́. Ọṣẹ líle ayé àtijọ́ tó máa ń bó awọ, ọtí apakòkòrò tí wọ́n kó dé lẹ́yìn ẹ̀, ìbọ̀wọ́ rọ́bà oní-páúdà, ogójì ìgbà lójúmọ́, fún ọdún méjìdínlógójì. Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló máa ń fi ìwé ránṣẹ́ lọ́dọọdún pé nọ́ọ̀sì tí kì í fọwọ́, àwọn á gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó fọwọ́. Ìyẹn náà ni wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí.

Lẹ́tà kejì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: ìtẹ̀ka yín kò ṣeé kà, ẹ tún lọ tẹ òmíràn. Ìwé ìlànà kan wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní kó tó padà lọ, kó má fi ọṣẹ tàbí ọtí kan ọwọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, kó máa fi ìpara kùn ún, kó sì máa fi ìbọ̀wọ́ òwú bò ó.

Ó ka ìyẹn sétí Zella Napier. Zella ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó ń dá gbé ní ìparí ọ̀nà Possum Hollow, àtọ̀gbẹ sì ti dá egbò sí i ní kókósẹ̀ òsì, tó fi jẹ́ pé Lurlene gbọ́dọ̀ wá wẹ̀ ẹ́ kó sì dì í lọ́jọ́ méjì méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà ni.

"Ta ló kọ ọ́?" Zella bi í.

"Wọn ò fọwọ́ sí i."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ ọ́ sí, àbí wọ́n rò pé o ń gé igi?"

"Tó bá jẹ́ igi ni mo ń gé, ìka mi ì bá ti jáde."

"Lurlene, tí wọ́n bá gba ìwé ẹ, ta ni yóò máa wá síbí?"

Lurlene ń di báńdéèjì náà lọ. Ó dì í le ju ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀.

Ó gba ìsinmi ọjọ́ márùn-ún. Ilé ìwòsàn ṣèlérí pé nọ́ọ̀sì mìíràn á wá láti àgbègbè kejì. Ó jókòó sí ìloro ilé rẹ̀, ó kó ọwọ́ tó kún fún ìpara sínú ìbọ̀wọ́ funfun bí ìyàwó ọ̀sìngín, Estill ọkọ rẹ̀ ni ó ń gbé ife kọfí sí i lẹ́nu, ó ń fún un ní ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo ní ṣíbí.

Estill ní, "Ó ti tó ọdún méjìlélógójì tí mo ti ń dúró kó o jókòó jẹ́ẹ́ báyìí."

"Gbádùn ẹ̀. Kò ní tún ṣẹlẹ̀ mọ́."

Ní ọjọ́ kẹta, fóònù dún. Zella ni. Nọ́ọ̀sì àgbègbè kejì kò yọjú, báńdéèjì ti tú, òórùn sì ti ń jáde. "Mi ò ní kó o wá o," Zella sọ fún un. "Mò ń kàn sọ fún ẹ ni."

Lurlene wo ìbọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Kọfí tó wà níwájú rẹ̀ kò tíì tutù tó fi bọ́ ọ jù sílẹ̀, tó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Nígbà tó dé Possum Hollow, ó dúró lẹ́nu ẹ̀rọ omi ilé ìdáná Zella, ó ká apá aṣọ sókè, ó da ọṣẹ, ó fọwọ́ dé ìgbúnwọ́, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha abẹ́ èékánná.

Zella ń wò ó láti orí àga. "Ṣebí wọ́n ní o ò gbọdọ̀ fọ nǹkan kan?"

"Wọ́n ní."

"Kí lo wá ń fọ̀?"

"Ọwọ́."

Ẹ̀rọ Caudill tún kọ ìka náà lẹ́ẹ̀kejì. Lurlene pe ìgbìmọ̀ náà lórí fóònù, wọ́n fi orin sí i létí fún odidi wákàtí kan, kí obìnrin kan tó gbé e. "Ẹ tún lọ tẹ̀ka, mà."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ. Tí kò bá tún jáde ńkọ́?"

"Ẹ tún lọ tẹ̀ka, mà."

"Ọmọ mi, ṣé èèyàn nìwọ báyìí, àbí wọ́n ká ohùn ẹ sílẹ̀ ni?"

Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí oṣù kẹwàá parí. Ẹnì kan sọ fún un pé ìgbìmọ̀ náà máa ń ṣe ìpàdé ìta gbangba ní olú-ìlú ìpínlẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ló lè bá wọn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Àwọn méje ló jókòó yí tábìlì gígùn ká, omi inú ìgò wà níwájú oníkálukú. Alága wọn jẹ́ obìnrin tó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóòótọ́, àmọ́ tó ti lé lógún ọdún tó ti fọwọ́ kan aláìsàn gbẹ̀yìn. Ní ìkángun tábìlì náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tuntun kan wà, tí àwọn tó ń tà á gbé wá kí ìgbìmọ̀ lè rí i bó ṣe dára tó.

Lurlene dìde. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n fún un, kò lò ju ìdajì rẹ̀ lọ.

"Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ní kí n ṣe ló nu ìka mi nù. Ẹ wá ní tí mi ò bá ní ìka, ẹ ò mọ̀ mí. Ó dáa. Ẹ̀rọ náà rèé. Ẹ̀yin náà ẹ bọ́ síbẹ̀ ká wò ó."

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mà, ìyẹn ò sí lára ètò òní."

"Ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Àwọn èèyàn tó jókòó sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ náà, tí kò fojú sọ́nà fún ewu kankan, ní kí wọ́n bọ́ síbẹ̀, pé eléyìí kì í kọ ìka. Oníṣirò owó wọn tẹ̀ ẹ́, ó jáde. Agbẹjọ́rò wọn tẹ̀ ẹ́, ó jáde kedere. Alága náà tẹ̀ ẹ́, ó jáde kedere ju tiwọn lọ, àwọn ará ẹ̀yìn sì pàtẹ́wọ́ irú èyí tí èèyàn kì í dúpẹ́ fún.

Ó wá kan Opal Renfro, ẹni kan ṣoṣo nínú wọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìtọ́jọ́. Ó gbé ìka ìfábẹ̀lá sí i. Pupa. Ó gbé ti àárín. Pupa. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ nu gíláàsì, ó nu iwájú orí ara rẹ̀, ó tún nu gíláàsì.

Opal bojú wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í hàn án. "Alága," ó ní, "ìwé àṣẹ tèmi máa parí lọ́dún tó ń bọ̀."

Nígbà náà ni agbẹjọ́rò wúkọ́, ó ṣí ìwé kan, ó ní ó wà nínú òfin, ní abala kẹsàn-án, pé ẹni tí ìka rẹ̀ bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí wá a dípò ìka.

"Ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?" Lurlene bi í.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, mà."

"Láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ tò sẹ́yìn àwọn olè lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ẹ ní kí n má fọwọ́, ẹ jẹ́ kí òórùn máa jáde lẹ́sẹ̀ arúgbó, ó sì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí kò sí nínú lẹ́tà?"

"Lẹ́tà náà ò láyè, mà."

"Àyè wà fún àwòrán ilé yín lórí ẹ̀!"

Wọ́n wá fọ́ọ̀mù ẹ̀bẹ̀ náà fún un, ó kọ ọ́ níbẹ̀. Alága ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ti tó, ó sì dúró díẹ̀, bí ẹni ń retí ọpẹ́. Lurlene tún jókòó padà.

"Mà, ọ̀rọ̀ yín ti yanjú."

"Tèmi ti yanjú. Nọ́ọ̀sì mélòó lẹ fi irú lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ sí? Ẹ kọ abala kẹsàn-án sínú ẹ̀. Mo máa kà á kí n tó lọ."

Opal náà fa àga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó jókòó tì í. Alága wo èyí, ó wo tọ̀hún, ó wo àwọn ará ẹ̀yìn tí kò sí ẹni tó mira láti jáde, ó sì pe akọ̀wé. Akọ̀wé tẹ gbólóhùn náà sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Lurlene kà á, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sókè. Wọ́n gbé e lọ sókè. Ó ní ìkọ̀wé ẹ̀ kéré jù, arúgbó nọ́ọ̀sì ò ní rí i. Wọ́n sọ ọ́ di ńlá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di aago mẹ́ta kó tó dìde, oúnjẹ ìgbìmọ̀ sì ti tutù nínú páálí.

"Inú wa dùn pé a lè ràn yín lọ́wọ́," alága sọ.

"Ẹ ò ràn mí lọ́wọ́. Orí ọrùn mi lẹ gùn, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni."

Wọ́n wá orúkọ rẹ̀ títí, wọn ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan, àfi ìgbà kan tó gbé ọkọ̀ síbi tí kò yẹ lọ́dún tí afárá já. Ìwé àṣẹ rẹ̀ dé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án tí tàtijọ́ ti parí kí tuntun tó dé, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni nọ́ọ̀sì àgbègbè kejì yọjú sí Possum Hollow. Lọ́jọ́ tó padà, ó wọn egbò Zella: ó ti fi ìbú èékánná kan fẹ̀ sí i. Ó kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀, ti àtẹ̀yìnwá àti ti ọjọ́ náà, pẹ̀lú déètì, ó fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ fẹ̀ ẹ́.

Wọn ò tíì fèsì. Ó ń kọ òmíràn sí wọn lóṣooṣù.