Norjmaa Kọ̀, Kò Dárúkọ Òkè

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ọmọ mi ni Zorig, èmi ni mo bí i, síbẹ̀ ẹ̀yìn Norjmaa ni mo wà lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tínú bá ń bí, kó máa bínú lọ.

Ọdún méjìlélógún ni Norjmaa ti ń mú àlejò rìn nínú aṣálẹ̀ Gobi wa yìí, lápá ibi tí ìjọba ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pa ẹran, gé igi tàbí mú òkúta. Ẹsẹ̀ òkè ńlá tó wà níbẹ̀ ni wọ́n bí i sí, nínú àgọ́ onírun àgùntàn. Obìnrin kúkúrú ni, afẹ́fẹ́ ti gbó o lójú, ẹnu ẹ̀ kì í sì í sinmi. Nígbà kan, ó rí ọkùnrin sìgbọ̀nlẹ̀ kan tó ki òkúta bọ àpò. Ó mú un padà, wákàtí kan gbáko nínú oòrùn, títí ó fi dá òkúta náà padà síbi tó ti mú un. Ọkùnrin yẹn ń ráhùn, Norjmaa ń fún un ní wàrà gbígbẹ jẹ lójú ọ̀nà.

Lọ́dún tó kọjá, Zorig ti ìlú ńlá dé, ó ra ilé iṣẹ́ tó ń kó àwọn àlejò wá. Bó ṣe di ọ̀gá èmi awakọ̀ nìyẹn, tó sì di ọ̀gá Norjmaa. Ó kọ òfin sínú ìwé: bí àlejò bá ti dé iwájú òkè, kí afinimọ̀nà pe orúkọ òkè náà ketekete, kí wọ́n lè gbà á sínú fóònù wọn.

Lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í dárúkọ òkè yẹn níbi tó bá ti ń rí i. Bó o bá ti rìn jìnnà, tí kò sí lójú mọ́, o lè pè é. Níwájú ẹ̀, Aláàánú là ń pè é. Zorig kúkú mọ̀. Ìyá ẹ̀ nà án nítorí ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó bá wa lọ fúnra ẹ̀, kó lè rí i pé òfin òun múlẹ̀. Àlejò mẹ́rin láti Kòríà ló wà nínú ọkọ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé fóònù sókè. Norjmaa ta wàrà díẹ̀ sílẹ̀ fún òkè bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Aláàánú wa rèé."

Zorig ní, "Àǹtí Norjmaa, orúkọ ẹ̀ gan-an."

"Mo ti pè é."

"Ẹ má fi mí ṣeré o. Ọmọbìnrin méjì ló ti ń bẹ̀ mí fún iṣẹ́ yìí. Ẹ dárúkọ òkè yẹn báyìí, àbí kí òní jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn yín níbí."

Òtútù ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti pa gbogbo ẹran ọ̀sìn Norjmaa tán, iṣẹ́ yìí nìkan ló fi ń jẹun.

Ó nu ọwọ́ ẹ̀ sára aṣọ. "Ó dáa. Bàbá ẹ ló jókòó sídìí ọkọ̀ yẹn. Ìwọ kọ́kọ́ pe orúkọ wọn mọ́ wọn lójú, orúkọ gan-an o, kì í ṣe 'Bàbá mi'. Tó o bá ti pè é tán, èmi náà á pe ti òkè."

Zorig yíjú sí mi. Ó la ẹnu. Etí ẹ̀ pọ́n. Àwọn ará Kòríà ò gbọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ wa, wọ́n ṣáà ń gba gbogbo ẹ̀ sínú fóònù.

Mo yọ orí lójú fèrèsé. "Zorig, kí ló dé? Ṣé o ti gbàgbé orúkọ mi ni? Ó kúkú wà nínú ìwé iṣẹ́ tó o fún mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Ó padà wọ ọkọ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Norjmaa ti jókòó síwájú ọkọ̀ mi. Mo bi í bóyá Zorig ránṣẹ́ pè é. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló lé mi?" Mo ṣáná sí ọkọ̀. Ìwé òfin yẹn ṣì wà lára ògiri, Zorig ò yọ ọ́, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa ẹ̀ mọ́.

Ẹ lè ti máa retí kí n dárúkọ òkè náà fún yín. Ibi tí mo jókòó sí yìí, mò ń rí i. Mi ò ní í pè é.